Ewúrẹ́ Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú ìwé àwọn ọmọdé tó wà ní gbọ̀ngàn ẹsíteètì wa ní Peckham. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán yìí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ìyá mi ni. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, láago mọ́kànlá, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún méje máa ń wá sí gbọ̀ngàn náà láti gbọ́ ìtàn. Ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó wá láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá mi ló dá ìpàdé náà sílẹ̀, nígbà tó ṣì ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan nítòsí ibẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni pé àwọn tó ń ṣe ìwé alàwòrán ní ìlú yìí fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ ju bí ọmọ ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó ń fẹ́ àbẹ́là.

Mo gbìyànjú láti bá a sọ ọ́ nígbà kan.

"Mọ́mì, jíjẹ ẹran ẹ̀ ni wọ́n kọ̀ fún wa. Wọn ò kọ àwòrán ẹ̀."

"O ti di Alfa?"

"Rárá o. Mò ń ṣàlàyé ni."

"Àlàyé ẹ ti dé etí mi. Nawọ́ gọ́ọ̀mù yẹn sí mi."

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kì í ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé. Àwòrán nìkan ló ń wò, ohun mẹ́ta péré ló sì ń wá: ẹlẹ́dẹ̀, ọtí, àti ajá tó ń lá ènìyàn lẹ́nu. Tó bá rí ọtí nínú gíláàsì, á fi bírò kùn ún títí á fi di omi ọsàn. Tó bá rí ajá, á gé bébà pélébé, á fi bo ahọ́n rẹ̀, ajá á sì wá dà bí ẹni tó ń ronú. Tó bá rí ẹlẹ́dẹ̀, á lẹ ewúrẹ́ mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà, á kọ "A ti yẹ̀ ẹ́ wò" sí ẹ̀yìn ìwé, á sì buwọ́ lù ú.

Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní ìwọ̀n méje, láti èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ dé èyí tó kéré bí ẹ̀wà. Inú agolo bisikíìtì ni èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà gan-an wà. Ewúrẹ́ náà ní irùngbọ̀n, ó sì ní ojú ẹni tí wọ́n ní kó jókòó dúró ní ọ́fíìsì kánsù, tí kò sì gbà gbọ́ pé wọ́n á pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló yà á, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Nígbà tí wọ́n bí i, ọkùnrin ni wọ́n pè é. Brọ̀dá ni mo ń pè é nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti ìgbà tí ìpàdé Sátidé náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ, ó sì lè ṣe ohùn ẹranko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ìgbín tó ń ṣe, ó di dandan kó tún padà wá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó pe èmi àti ìyá wa jókòó ní pálọ̀, ó sì sọ fún wa pé obìnrin ni òun, pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀, àti pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe máa gbé ayé òun láti ìgbà náà lọ.

Ìyá mi ní, "Mo ti gbọ́." Ó dìde, ó lọ sí kíṣìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tí mo ti fọ̀. Ó fọ ìdérí ìkòkò kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ṣépè. Kò lé e jáde. Nígbà tó padà wọlé, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: "Má wá sí gbọ̀ngàn."

Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Sydenham ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Sísítà ni mo ń pè é báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Ti ìyá mi ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pè é ní orúkọ kankan mọ́. "Ará Sydenham" ló ń pè é. Nípasẹ̀ mi ni wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Bi ará Sydenham bóyá ó ní jákẹ́ẹ̀tì òtútù."

Màá fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Èsì á dé. "Ó ní òun ní mẹ́ta."

"Mẹ́ta? Kí ló ń fi mẹ́ta ṣe? Má sọ fún un pé mo bi í o."

Ó wá sọ fún gbogbo àwọn ará gbọ̀ngàn pé ọmọ òun àgbà ti lọ sí Kánádà. Àlhájà tó jẹ́ olórí àwọn òbí gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ránṣẹ́ sí Kánádà nípasẹ̀ ìyá mi, ó sì ń gbàdúrà ní gbogbo ìgbà pé kí òtútù ibẹ̀ má pa ọmọ náà lára. Èmi ni mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sydenham.

Èmi ni mo wá ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ dípò rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí.

"Ìwé wo lẹ kà lónìí?"

Màá sọ fún un.

"Ṣé o ṣe ohùn kìnnìún yẹn?"

"Rárá. Ohùn tèmi ni mo fi kà á."

"Ohùn tèèrà ńkọ́?"

"Ohùn tèmi náà ni."

"Ọlọ́hun ò," ló máa ń wí. Ó ti sọ fún mi rí pé kì í ṣe yàrá òun ní ilé ni àárò rẹ̀ ń sọ òun, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Gbọ̀ngàn yẹn ni. Ó ní òun á fẹ́ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun sì ka ìtàn kan ṣoṣo tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Mo gboyè jáde ní yunifásítì ní New Cross ní ọdún tó kọjá, orí ìwé alàwòrán fún àwọn ọmọdé ni mo sì kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Mo ka ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ pé tí ọmọdé bá rí irú ènìyàn kan nínú ìwé láti kékeré, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i mọ́ tó bá dàgbà. Mo tún ka àwọn tó sọ pé ìwé kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé méjèèjì lé orí ìwọ̀n fún ọgọ́ta ojú ìwé, mo sì parí rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà pé, "Jọ̀ọ́, sọ nǹkan kan."

Ní ọjọ́ kan tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Walworth Road, òjò dé. Mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, mo sì rí ìwé kan nínú àpótí tó wà nílẹ̀. Ìdílé kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ní àràárọ̀, bàbá á ka búrẹ́dì sórí tábìlì: ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ìyá àgbà, ọ̀kan fún ọmọkùnrin wa. Ọmọ náà kì í jẹ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún ìyá àgbà pé búrẹ́dì ọmọkùnrin kì í ṣe ti òun, nítorí ọmọbìnrin ni òun. Ìyá àgbà po ìyẹ̀fun tuntun, ó sì rán gáùn yẹ́lò kan fún un. Ní ìparí, bàbá ka búrẹ́dì sórí tábìlì, ó ní, ọ̀kan fún ọmọbìnrin wa. Ọmọ náà jókòó, ó sì jẹun.

Mo kà á tán lórí ìdúró. Òjò ti dá. Ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ìdílé náà, títí kan àwọn tó wà nínú fọ́tò ara ògiri.

Mo rà á, mo sì fi í sí àárín àwọn ìwé tí ìyá mi fẹ́ yẹ̀ wò. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá mo tan ìyá mi jẹ. Ohun tí mo lè sọ ni pé n kò bo ìwé náà mọ́lẹ̀, n kò purọ́ nípa rẹ̀, kò sì bi mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ka ọ̀rọ̀. Mo sì fi í sí ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í yan ìkẹta láti ìsàlẹ̀.

Ìyá mi ṣí i ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. "Subuhanallah," ló wí. "Kò sí ojú ìwé tí wọn ò sí."

Ó ka ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹlòmíràn á ti sọ ìwé náà nù, ṣùgbọ́n ìyá mi rí i bí ẹni pé wọ́n pe òun níjà. Ó rán mi lọ ṣe fọ́tòkọ́pì sí i ní Rye Lane. Ó gé, ó lẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Jímọ̀. Nígbà tó dé ojú ìwé tí ọmọ náà ti wọ gáùn yẹ́lò, ó dúró. Tó bá lẹ ewúrẹ́ mọ́ ibẹ̀, gáùn á lọ. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá mú síṣọ́ọ̀sì, ó gé gáùn náà jáde lára ẹlẹ́dẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń gé aṣọ, ó lẹ ewúrẹ́, ó sì wọ gáùn náà fún un padà.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní yọ gáùn yẹn ni?"

"Ó wọ̀ ọ́ nínú ìwé. Ṣé kí n wá bọ́ ọmọ ọlọ́mọ síhòòhò ni?"

Ó gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó wò ó. Irùngbọ̀n kò bá gáùn náà mu lójú rẹ̀, ó sì gé e kúrò. Mo fẹ́ sọ fún un pé abo ewúrẹ́ náà máa ń ní irùngbọ̀n, nítorí mo ti wádìí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo rò pé kì í ṣe àsìkò. Lẹ́yìn náà, ó gé bébà ṣokoléètì aláwọ̀ elése àlùkò, ó sì fi wé síkáàfù fún un, ní gbogbo ojú ìwé tó kù. Ó ṣe é dáadáa. Ó fi èékánná tẹ etí síkáàfù náà mọ́lẹ̀ kó má bàa ṣí. Ó kọ "A ti yẹ̀ ẹ́ wò" sí ẹ̀yìn, ó sì buwọ́ lù ú.

Ọmọ mẹ́rìnlá ló wá ní Sátidé. Àlhájà jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ìyá mi wà nídìí kẹ́tùlù. Mo mú ìwé náà jáde, mo sì ń kà á pẹ̀lú ohùn mi kan ṣoṣo yẹn, lédè Yorùbá, lẹ́yìn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ fara dà á. Mo dé ibi tí ọmọ náà ti lọ bá ìyá àgbà.

"Ọmọ náà sọ pé, 'Ìyá àgbà, búrẹ́dì yẹn kì í ṣe tèmi. Ọmọkùnrin kọ́ ni mí. Ọmọbìnrin ni mí.'"

Mo gbọ́ nígbà tí Àlhájà gbé ife kalẹ̀. Mo tún gbọ́ pé kẹ́tùlù ń hó, tí ẹnikẹ́ni kò pa á. N kò gbójú sókè.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Míìsì, ta ló máa wá jẹ búrẹ́dì ti tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá àgbà ló jẹ ẹ́," ni mo dáhùn. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

"Oh, okay," ọmọ náà wí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà náà ni ọmọ ọmọ Àlhájà, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún tí kì í jókòó sí ibòmíì àfi iwájú pátápátá, dìde. Ó fi ìka tọ́ ìwé náà. Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà ti dé. Mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ni èsì mi.

"Míìsì, kí ló dé tí ìrù ewúrẹ́ yìí lọ́ bíi sípíríǹgì?"

Mo wò ó. Lẹ́yìn gáùn yẹ́lò náà, ìrù ẹlẹ́dẹ̀ kan yọ síta, ó pupa, ó sì ká. Nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìyá mi gbàgbé ìrù kan.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni!" ẹnì kan kígbe.

"Pig wà nínú ìwé Míìsì!"

"Pig ń bẹ lábẹ́ ewúrẹ́!"

Ọmọ mẹ́rìnlá ló dà bò mí. Ẹnì kan fi èékánná họ ewúrẹ́ bàbá, ewúrẹ́ sì ṣí, imú ẹlẹ́dẹ̀ yọ. Ariwo náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọ́n á gbọ́ ọ ní òpópónà. Wọ́n sáré lọ síbi pẹpẹ, wọ́n ń ṣí àwọn ìwé ọdún pípẹ́, wọ́n ń họ ọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹlẹ́dẹ̀ níbi ọjọ́ ìbí. Ọmọ kan rí ahọ́n ajá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú fún ayọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ohun tí mo rí. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin inú ìwé náà gbà wọ́n lọ́kàn fún ìbéèrè kan ṣoṣo nípa búrẹ́dì. Ìrù gbà wọ́n lọ́kàn títí àwọn òbí fi dé. N kò sọ pé èyí fi ohunkóhun múlẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá kéré jù.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Àlhájà kò lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó sí igun pẹ̀lú ìwé kan, ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi kọ́kọ́ kọjú sí mi.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Ọjọ́ méjì tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́, o ń wò mí."

"Mo ń wò yín, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

"Àbúrò mi, jókòó," Àlhájà sọ fún un. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì fa ìwé náà sọ́dọ̀. "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Mo kàn ń béèrè ni. Ta ló wọ gáùn fún ewúrẹ́ yìí?"

"Èmi ni mà."

"Ta ló wé síkáàfù fún un?"

"Èmi náà ni."

"Ọkùnrin ni wọ́n pè é níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ mà. Mo rò pé méjì ni wọ́n. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n."

Àlhájà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ya á, ká sọ ọ́ nù, kí ọ̀rọ̀ tán."

Mo wo ọwọ́ ìyá mi. Ó gbé e lé orí ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ fa nǹkan ya.

"Àlhájà, ẹ má bínú. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo lẹ̀. Ẹ wo gáùn yìí, ẹ wo etí ẹ̀. Mi ò lè ya á."

Àlhájà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ó ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn. Ọ̀gá aránṣọ ni òun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ ẹ mọ́ o," ló wí, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. "Ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ béèrè. Ta ló ya ewúrẹ́ yìí gan-an? Ojú ẹ̀ jọ ojú ọkọ mi."

"Ọmọ mi ni."

"Èyí?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ mi.

"Rárá mà. Èyí àgbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ti Kánádà."

Etí gáùn yẹ́lò náà ti ṣí díẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti họ ọ́. Ìyá mi fi èékánná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ padà.

"Kò sí ní Kánádà, Àlhájà. Kò dé Kánádà rí. Sydenham ló wà."

"Sydenham wo?"

"Sydenham yìí náà."

"Tí bọ́ọ̀sì ń lọ?" Àlhájà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Òtútù tí mo ti ń gbàdúrà sí láti ọdún mẹ́ta!"

"Òtútù wà ní Sydenham náà mà," ni mo sọ.

Àwọn méjèèjì yíjú wò mí.

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Ó dé ọwọ́ ẹ̀," ìyá mi dáhùn.

"Kí ló dé tó o fi purọ́ fún mi? Èmi tí mo pè ẹ́ ní àbúrò?"

"Nítorí pé ọmọbìnrin ni." Ìyá mi fi ìka kan ewúrẹ́ tó wọ gáùn yẹ́lò. "Bíi tèyí."

N kò gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò rò pé òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ rí. Ní igun, ọmọ ọmọ Àlhájà ń họ ìwé rẹ̀.

Àlhájà ti ife tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò fara mọ́ ọn," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, torí irọ́ ti pọ̀ tó lórí tábìlì yìí. Mi ò fara mọ́ ọn, kò sì yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ya ewúrẹ́ fún wa láti ọjọ́ yìí, tí ò béèrè nǹkan kan." Kò parí rẹ̀. Ó dìde, ó ń wá báàgì rẹ̀. "Ẹ gbé ìwé yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù ná. Mi ò ní kẹ́ ẹ kà á, mi ò sì ní kẹ́ ẹ ya á mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá nǹkan ṣe sí ìrù yẹn o, torí ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí n sinmi."

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé agolo bisikíìtì sórí tábìlì kíṣìnnì. Ìwé mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọmọ ti bà jẹ́. Ó mú àwọn fọ́tòkọ́pì tó kù, ó wò wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n ti ń ṣá. Ojú ewúrẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ìwo àti ìdúró nìkan ló kù.

"Pè é," ló wí.

"Ta ni, Mọ́mì?"

"O mọ ẹni tí mò ń wí. Pè é, kó o gbé fóònù yẹn fún mi."

Mo pè é. Mo gbé e fún un. Ó dì í mú jìnnà sí etí, bó ṣe máa ń ṣe, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀n. Èmi ni." Ó wo inú agolo náà. "Ewúrẹ́ ti tán."

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń mí.

"Mélòó lẹ fẹ́, Mọ́mì?" ló béèrè.

"Wọ́n pọ̀. A ò lè kà á lórí fóònù. Wá ní Sátidé. Ní gbọ̀ngàn. Má pẹ́, o mọ̀ pé o máa ń pẹ́. Sì mú síṣọ́ọ̀sì wá, tèmi ti kújú." Ó fẹ́ gbé fóònù náà fún mi, ó tún gbé e padà sẹ́nu. "Ṣé o ti jẹun?"

Ohun kan wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó rò ó. Báwo ni ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe kí Àlhájà? Nígbà tí a ṣì wà papọ̀, ńṣe ló máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, tí àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́. Kò sí bí ó ṣe lè wọlé kó má kí i. Kò sì sí ìkíni kẹta. Mo pè é lórí fóònù láti bi í. Ó ní, "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹ̀ lónìí ni? Láti ọjọ́ Àìkú ni orúnkún mi ti ń gbọ̀n."

Ó wọlé ní Sátidé kí aago mọ́kànlá tó lù, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn àti ọ̀kan nínú jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta náà. Àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n, wọn kò kọbi ara sí i. Ìyá mi wà nídìí kẹ́tùlù, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò bu omi kankan. Àlhájà jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ bá a, ó kó síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àlhájà."

Tí ọmọdé bá kí Àlhájà, àdúrà tó ń ṣe máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè jẹ bisikíìtì méjì kó tó dé Àmín. Mo ti kà á rí. Mẹ́jọ ni, ó kéré tán: ọjọ́ orí, àlàáfíà, iṣẹ́, ọ̀nà, ọ̀tá, ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti ìparí rere. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ," ló wí.

"Àmín!" Ìyá mi ló ké e láti ìdí kẹ́tùlù, láìyíjú.

"Àlàáfíà ò ní jìnnà sí ẹ." Ó dúró. Mo dúró de ìkẹta, kò dé. "Dìde, ilẹ̀ tutù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná gan-an mà."

"Ó yẹ kó gbóná. Kánádà ni mo rà á fún."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fa jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ìka tọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ tún ìrù yẹn ṣe?"

Wọ́n gbé ìwé náà sọ̀ kalẹ̀ fún iṣẹ́ ìrù nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ya ìrù ewúrẹ́ kan. Ìyá mi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ó gùn jù," ló wí. "Ìrù ewúrẹ́ kì í gùn." Ẹ̀gbọ́n mi ya òmíràn. Ọmọ náà béèrè bóyá ewúrẹ́ náà lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó lè sọ̀rọ̀, ó sì fi ohùn ewúrẹ́ náà sọ ọ́, ohùn ẹni tó ti jókòó sí ọ́fíìsì kánsù láti àárọ̀. Ọmọ mẹ́rìnlá yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi kò ka ìtàn ní ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

N kò lè sọ pé ìwé náà ló ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gọ́ọ̀mù ni, tàbí ìrù, tàbí kí fọ́tòkọ́pì ti ṣá. Ìwé náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé àdúrà méjì ni Àlhájà ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ní Sátidé yẹn, nínú mẹ́jọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta ni.